Ọjà Ìdí Ìkòkò Màmá Oǹdó

Lọ́jọ́ ìsìnkú, wọ́n ní kí n má pẹ́ lórí pẹpẹ. Alága ètò ń juwọ́ sí mi láti ẹ̀yìn bí ẹni tó ń lé adìẹ kúrò nídìí àgbàdo. Mo ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sínú ìwé ètò: Màmá lọ sílé ìwé báyìí, wọ́n ṣe tíṣà báyìí, wọ́n bímọ báyìí, wọ́n fẹ́ràn Olúwa. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, àmọ́ kò sí Màmá Oǹdó kankan níbẹ̀. Inú bí mi, kí n má purọ́ fún yín. Obìnrin tó kó èdè ayé jọ sídìí ìkòkò ọbẹ̀, ẹ ní kí n fi ìṣẹ́jú péréte sọ ọ́? Kò ṣeé ṣe. Ẹ jókòó dáadáa kí n sọ bí wọ́n ṣe rí fún yín.

Màmá Oǹdó ni ìyá tó bí bàbá mi. Ọmọ ìlú Oǹdó ni wọ́n tọwọ́ tẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ wa ní Arákalẹ̀, l'Ákùúrẹ́, ni wọ́n ń gbé nígbà tí èmi àti Akin ẹ̀gbọ́n mi ń dàgbà. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà nígbà náà. Gbànja ni wọ́n wá ń tà, obì oko bàbá wọn ní Oǹdó, èyí tí àwọn ará Òkè-Ọya fẹ́ràn ju oúnjẹ lọ. Wọ́n kéré lójú, wọ́n ga lóhùn. Bí wọ́n bá ń bọ̀ láti ìkóríta, a ti gbọ́ ohun tí wọ́n ń bọ̀ wá sọ.

Ẹ wá gbọ́ nípa ọjà ìdí ìkòkò. Nílé àwọn ẹlòmíràn, ìyá ilé á bu ọbẹ̀, á gbé ẹran lé e, ọmọ á jẹun. Nílé tiwa, ẹran kì í dédé bọ́ sínú àwo ẹnikẹ́ni. Rírà là ń rà á. Owó kọ́ la sì fi ń rà á, iṣẹ́ ilé ni: gbígbá àgbàlá, pípọn omi, fífọ ìkòkò. Màmá á ki ṣíbí bọ ọbẹ̀, wọ́n á gbé ẹran sókè kí gbogbo wa rí i, wọ́n á pe iye tí wọ́n fẹ́, àwa náà á bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dín in kù. Èdè tí wọ́n bá sì mú fún ọjọ́ náà la gbọ́dọ̀ fi ná an. Ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Ẹtì jẹ́ ti Haúsá, torí pé Haúsá ló ń ra gbànja. Ìṣẹ́gun jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, Ọjọ́rú ti Faransé, èyí tí wọ́n kọ́ níléèwé olùkọ́ tí wọn ò sì jẹ́ kó sá lọ. Àbámẹ́ta jẹ́ ti Píjìn, ọjọ́ yẹn sì ni ariwo máa ń pọ̀ jù.

Bí ẹ ò bá rí Màmá nídìí ìkòkò rí, ẹ ò tíì rí olùtajà. Pọ̀nmọ́ lásán ni wọ́n á gbé sókè o, wọ́n á máa yìn ín bí ìyàwó tuntun: "Ẹ wo bó ṣe ń dán! Kòkòrò ò mọ̀nà ibẹ̀! Ẹni tó bá jẹ ẹ́ lónìí, á béèrè rẹ̀ lọ́la!" Gbogbo èyí ní Haúsá. Àwa á ké pé, "Ya yi tsada! A rage mini!" Ìyẹn ni pé ó ti wọ́n jù, ẹ dín in kù fún mi. Màmá ò ní bá wa jà. Wọ́n á ká ọwọ́ pọ̀ sáyà, wọ́n á gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á ní, "Albarka." Bí Haúsá ṣe ń kọ owó nìyẹn, àdúrà ìbùkún ló fi ń lé ọ padà. Àfi tí o bá gbìyànjú gan-an ni wọ́n á tó ní, "Na sallama." Ìyẹn ni pé mo gbà, gbé e lọ. Háà! Ẹ ò lè mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ń dùn tó létí ọmọ tí ebi ń pa. Akin ò ní sùúrù, iye tí wọ́n bá kọ́kọ́ pè ló ń gbà, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé òun ló gbá àgbàlá wa jù láyé.

Òfin kan wà tí wọn kì í fi ṣeré. Ẹni tó bá ń ná ẹran gbọ́dọ̀ dúró síwájú wọn gan-an, kí àtùpà mọ́ ọn lójú. Bí o bá dorí kodò, wọn ò ní dá ọ lóhùn. "Gbójú sókè, Fúnkẹ́. Ta ló ń bá ilẹ̀ ṣòwò?"

Lọ́jọ́ Ìsinmi kò sọ́jà rárá. Bí wọ́n bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, wọ́n á tú gèlè, wọ́n á máa fi èdè Oǹdó wọn bá wa tàkúrọ̀sọ, wọ́n á sì fọwọ́ ara wọn bu ẹran fún oníkálukú. Kò sẹ́ni tí yóò gbálẹ̀ torí rẹ̀. Mo bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀ nígbà kan. Wọ́n wò mí bí ẹni tó béèrè ìdí tí omi fi tutù. "Èdè ilé ẹni," wọ́n ní, "a kì í fi dúnàá-dúrà."

Wọ́n ní àwòrán ayé kan tí wọ́n mú bọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ń ṣe tíṣà, wọ́n kàn án mọ́ ara ògiri pálọ̀ lókè rédíò. Ẹ jẹ́ kí àlejò kan ṣèèṣì wò ó! Wọ́n ti fò dìde nìyẹn, ṣíbí ọbẹ̀ ti wà lọ́wọ́ wọn. "Ẹ wo Gẹ̀ẹ́sì, òun ni wọ́n fi ń ra kòkó wa. Ẹ wo Faransé, ó yí wa ká: Kútọnu rèé, Lómè rèé, ilẹ̀ Nìjẹ̀ rèé. Ẹni tí kò bá gbọ́ ọ, ẹnu ibodè ni yóò ti padà. Sípéènì rèé, Potogí rèé, Híńdì rèé, Lárúbáwá tó ni epo rèé!" Àlejò tó wá béèrè ata á gbàgbé ohun tó wá ṣe.

Ti Ṣáínà ló pa wá lẹ́rìn-ín jù. Lásìkò yẹn, ta ló ń ro ti Ṣáínà l'Ákùúrẹ́? Màmá ń rò ó. Wọ́n fún un ní Ọjọ́bọ̀ tirẹ̀. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé kíkí kan ṣoṣo ni wọ́n rí gbọ́ nínú rédíò, "Ní háò." Òun nìkan la fi ń ra ẹran ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Akin á ṣe ojú àánú, á ní, "Ní háò?" Màmá á ká ọwọ́ sáyà, wọ́n á ní, "Ní háò!" Èmi á kúnlẹ̀, "Ní háòòò!" A ó rẹ́rìn-ín títí ọbẹ̀ á fi tutù. Àmọ́ Màmá ò ṣeré ní tiwọn. Wọ́n fi ṣíbí kan ara ògiri níbi tí Ṣáínà wà. "Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Àwọn tó pọ̀ tó báyìí, ẹ rò pé wọn ò ní í wá rajà tàbí wá tajà lọ́jọ́ kan? Ọjọ́ tí wọ́n bá dé, ẹ̀yin ẹ mọ̀ ọ́n kí ná."

Wàhálà wọn kò ju àbúrò wọn lọ, Bàbá Ìjù. Ìlú Ìjù ni bàbá náà ti ń dáko iṣu, ẹnu rẹ̀ sì mú. Bó bá wá kí wa tó bá ọjà ìdí ìkòkò, á pòṣé, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yìí jẹun! Èdè kì í ṣe iṣu. A kì í gún un." Màmá ò jẹ́ gbé ọ̀rọ̀ mì. "Máa gbin tìrẹ sílẹ̀ ní Ìjù, èmi ń gbin tèmi sẹ́nu ọmọ." Bàbá Ìjù á ní kí wọ́n fi bó ṣe ń hù hàn òun. Wọ́n á ṣe é bẹ́ẹ̀ títí, wọ́n á wá jọ jókòó jẹun pọ̀. Nígbà tí ó bá ń lọ, á tún dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "A kì í gún un o!"

Ìgbà wá le. Àwọn tó dàgbà nígbà Sáàpù, ètò ìjọba tó sọ owó náírà di yẹpẹrẹ, á mọ ohun tí mò ń sọ. Mílíìkì di nǹkan tí à ń rí lójú àlá, wọ́n ń gé ọṣẹ tà, búrẹ́dì fẹ́ẹ́rẹ́ títí ó fi dà bíi pé èémí ni wọ́n fi ṣe é. Tíṣà ni bàbá mi náà, oṣù ń parí, owó oṣù ò wọlé. Ẹran inú ìkòkò wa kọ́kọ́ kéré, ó di pọ̀nmọ́, pọ̀nmọ́ di egungun ẹja. Ó wá dọjọ́ kan tí Màmá ki ṣíbí bọ ọbẹ̀ tí ṣíbí bọ́ jáde lófìfo.

A rò pé ọjà ti tú. Màmá gbé ṣíbí òfìfo yẹn sókè. Wọ́n ní, "Ẹ wo bó ṣe ń dán!" Akin wojú mi, mo wojú Akin. Mo jáde síwájú àtùpà, mo ní, "Ya yi tsada!" Ẹ gbà mí gbọ́, a ná ẹran tí kò sí fún ọ̀pọ̀ oṣù. Bí wọ́n bá ní "Na sallama," wọ́n á da afẹ́fẹ́ inú ṣíbí sáwo rẹ, o ó sì dúpẹ́. Ìyá mi yọ́jú wò wá lọ́jọ́ kan, omi bọ́ lójú wọn. Màmá ní, "Má sunkún, ìyàwó mi. Ẹran ló tán, ọjà ò tán."

Níkẹyìn, bàbá mi pe Màmá sí pálọ̀, èmi náà ń gbọ́. Bàbá mi sọ pé ìbátan ìyá mi kan l'Ékòó ń wá ọmọbìnrin tí yóò máa bá òun tọ́mọ, Fúnkẹ́ ni yóò lọ, kí ẹnu tó ń jẹun nílé lè dín kù. Màmá béèrè pé ilé ìwé ńkọ́. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ka oṣù tí owó ò tíì wọlé. Mo dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo mọ àwọn ọmọ tó ti bá irú ọ̀nà yẹn lọ tí wọn ò rí ẹnu ọ̀nà kíláàsì mọ́. Màmá ní, "Bàbá Akin, fún mi láyè kí n kọ́kọ́ ta gbànja ọdún yìí." Bàbá mi gbà. Bó bá tà, màá dúró. Bí kò bá tà, Èkó ń pè mí.

Gbànja náà wà ní Oǹdó, èmi àti Màmá sì lọ bá a níbẹ̀. A ti rẹ ẹ́ sómi, a ti bó èèpo funfun ara rẹ̀, a ti ṣà á, a ti fi ewé tẹ́ inú apẹ̀rẹ̀, a ti dì í. Láti ìgbà pípẹ́ ni alárinà kan ti wà ní Sábó, àdúgbò àwọn Haúsá ní Oǹdó, tó ń gbọ́ Yorùbá àti Haúsá, òun ló ń dúró láàárín àwọn ará Oǹdó àti àwọn oníbàárà láti Òkè-Ọya, kò sì sẹ́ni tó ń fò ó. Lọ́dún yẹn, ó wá sọ fún Màmá pé gbànja ti kú lọ́jà, òun kàn fẹ́ bá wọn gbé e kó má baà jẹrà mọ́ wọn lọ́wọ́ ni. Iye tó pè kò lè sin ẹnikẹ́ni dé ibì kankan. Màmá ní àwọn ti gbọ́. Bó ti yí ẹ̀yìn padà, wọ́n ní, "Fúnkẹ́, wọ bàtà. À ń lọ bá oníbàárà fúnra wa."

Mo rò pé mo kàn ń sìn wọ́n lọ ni. A dé ibi tí ọkọ̀ akẹ́rù dúró sí ní Sábó, Alájì kan jókòó lórí ẹní, ó ń mu tíì. A kí i, ó dá gbànja kan sí méjì, ó jẹ ẹ́ wò, ó béèrè iye rẹ̀. Màmá fi igbọ̀nwọ́ gún mi níhà. Mo wo ojú wọn, wọ́n ń wo táyà ọkọ̀. Èmi kẹ̀! Mo pe iye tí wọ́n ti sọ fún mi lọ́nà. Alájì kò sọ̀rọ̀, ó kàn ń jẹ obì, ó ń wò mí. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn dẹ́rù bà mí, ẹnu mi sì sá gba ibi tó mọ̀ lọ. Mo ké pé, "Ya yi tsada! A rage mini!"

Ẹ̀yin èèyàn mi! Ọjà tiwa! Èmi olùtajà ni mo ń pariwo pé ó ti wọ́n jù, kí wọ́n dín in kù fún mi! Àwọn alárù tú sẹ́rìn-ín, ọ̀kan jókòó sílẹ̀. Ẹ sọ fún mi bí kò ṣe ní í rí bẹ́ẹ̀: láti kékeré, nídìí ìkòkò, oníbàárà ni mí, mi ò tajà rí. Alájì ò jáfara. Ó ní ẹni tó ni ẹrù ti sọ òótọ́, ó wá pe iye kan tó burú ju ti alárinà lọ. Mo rí ara mi l'Ékòó, ọmọ ọlọ́mọ lẹ́yìn mi.

Mo bojú wo Màmá. Wọn ò bú mi, wọn ò sì gbẹnu sọ fún mi. Wọ́n kàn ká ọwọ́ pọ̀ sáyà, wọ́n gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ibẹ̀ ni ojú mi là. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti fi ń du ẹran mọ́ mi lọ́wọ́ láti kékeré, gbogbo rẹ̀ ló wà ní ikùn mi! Mo ká ọwọ́ tèmi náà. "Albarka." Alájì fi díẹ̀ kún un. "Albarka." Mo mú gbànja kan, mo gbé e sókè sínú oòrùn bí ìgbà tí Màmá gbé pọ̀nmọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yìn ín ní Haúsá: ẹ wo bó ṣe ń dán, kòkòrò ò mọ̀nà ibẹ̀, ẹni tó bá jẹ ẹ́ lónìí á béèrè rẹ̀ lọ́la! Àwọn alárù sún mọ́ wa. Alájì dìde bí ẹni tó fẹ́ lọ, mo gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó padà jókòó. Ó tún fi kún un, ó tún fi kún un, títí tó fi dé ibi tí Màmá fẹ́ tó sì kọjá ibẹ̀. Mo ní, "Na sallama."

Alájì yíjú sí Màmá, ó bi wọ́n ní Haúsá pé ta ló kọ́ ọmọ yìí. Màmá rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó tún un bi, wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo dáhùn pé àwọn ni.

Nínú ọkọ̀ tí a wọ̀ padà sí Àkúrẹ́, mo fi ìbínú bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún mi, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí dèrò Èkó! Wọ́n jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Wọ́n fà mí mọ́ra. "Etí mi ti ń lọ, Fúnkẹ́. Ó ti pẹ́. Bí mo bá mọ èèyàn, mo lè wo ẹnu rẹ̀ kí n mọ ohun tó ń sọ. Mi ò mọ ẹnu Alájì." Mo rántí àtùpà. Mo rántí "gbójú sókè." Ẹkún gbọ̀n mí, gbogbo ọkọ̀ ń wò wá. Màmá fi etí aṣọ nù mí lójú. "Kí ni ẹkún? Mo ti kó ohun tó wà létí mi sí yín lẹ́nu kó tó lọ."

Ọ̀sẹ̀ yẹn, wọ́n ránṣẹ́ sí Bàbá Ìjù pé kó máa bọ̀ pẹ̀lú iṣu. Wọ́n fa odó jáde sí àgbàlá, wọ́n fi ọmọ odó lé e lọ́wọ́, bàbá arúgbó! Wọ́n ní, "Gún un." Ó béèrè pé kí ni òun ń gún. Wọ́n tọ́ka sí èmi tí mi ò lọ Èkó mọ́, sí ẹran tó ń hó nínú ìkòkò. "Èdè ni. Gún un." Bàbá Ìjù rẹ́rìn-ín títí ó fi ní láti di odó mú. Ó gún un. Kò sọ ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ láyé rẹ̀.

Mo parí ilé ìwé. Ògbufọ̀ ni mí lónìí, mo ń dúró láàárín àwọn oníṣòwò láti Kútọnu dé Kánò, mi ò sì tan apá kankan jẹ. Akin ní ìsọ̀ fóònù l'Árákalẹ̀, ó ń lọ rajà ní Ṣáínà. Ó ní ọjọ́ tí òun kọ́kọ́ dé ibẹ̀ tí òun sọ "Ní háò," ẹran ìdí ìkòkò ló wá sí òun lọ́kàn, òun sì dá rẹ́rìn-ín láàárín àlejò.

Nígbà tí ara wọn wá di hẹ́gẹhẹ̀gẹ, Màmá padà sí Oǹdó, ilé bàbá wọn. Etí ti lọ pátápátá. Ìgbà tí mo lọ kí wọn kẹ́yìn, ọ̀sán ọjọ́ Ajé ni. Mo bu ọbẹ̀ fún wọn, mo gbé ẹran tó rọ̀ jù lé e, mo jókòó síwájú wọn níbi tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ti mọ́ mi lójú. Mo fẹ́ fi ṣíbí bọ́ wọn. Wọ́n fọwọ́ dá mi dúró. Wọ́n wo ẹran náà, wọ́n wò mí. Ohùn wọn tí a ti ń gbọ́ láti ìkóríta kò ju èémí lọ mọ́.

"Ya yi tsada," wọ́n ní. "A rage mini."

Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ wọ́n, Màmá ò rajà lọ́wọ́ mi rí. Mo fẹ́ ká ọwọ́ sáyà, mo fẹ́ gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo fẹ́ kí ọjà náà pẹ́ títí alẹ́, kí n máa fi àdúrà dá wọn dúró. Wọ́n ń wo ẹnu mi. Mo gbójú sókè kí wọ́n lè rí i dáadáa.

"Na sallama, Màmá," ni mo wí. "Ẹ máa gbé e lọ."